Ọjọ́ kan péré ní Nagasaki: kí ni ká kọ́kọ́ lọ wò, ta ni yóò sì dúró de ta?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lọ sí Japan lóṣù kẹwàá, màmá mi tó jẹ́ ẹni ọdún 71 sì ń bá wa lọ. Yokohama la ti máa wọkọ̀. Yóò yà ní Busan ní Kòríà, lẹ́yìn náà ni yóò dé Nagasaki, ká tó padà sí Yokohama. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la ní ní Nagasaki. London ni gbogbo wa ń gbé. Páàsípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba lèmi àti ọkọ mi ní, ti Nàìjíríà ni ti màmá. Ọkọ mi ní ká sáré dé Fukuoka, ká tún rí ọgbà àlàáfíà tí bọ́ǹbù ti bẹ́, Glover Garden, Dejima àti òkè Inasa. Iye tí ọkọ̀ ń gbà láti mú èèyàn káàkiri ti pọ̀ jù lójú mi. Ṣé a lè dá lọ? Orúnkún màmá kò fi bẹ́ẹ̀ le, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ọkọ̀ má lọ fi wá sílẹ̀."

Ẹ ṣeun, arábìnrin. Ohun mẹ́ta lẹ béèrè: bóyá àkókò yóò tó, bí orúnkún Màmá yóò ṣe gbà á, àti bí ọkọ̀ kò ṣe ní fi yín sílẹ̀. Ìkẹrin wà tí ẹ kò béèrè, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣáájú, torí òun nìkan ló lè dá Màmá dúró ní Yokohama kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ físà ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ẹni tó bá bá ọkọ̀ ojú omi dé Japan kò nílò físà, ṣebí ọjọ́ kan péré ni yóò fi sọ̀. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kan gbogbo èèyàn. Láti ọdún 2015 ni ìjọba Japan ti ní ìwé àyè kan fún èrò ọkọ̀ ìgbafẹ́, tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ láìsí físà, bí ọkọ̀ wọn bá wà lára àwọn tí ìjọba ti fọwọ́ sí, tí wọn yóò sì bá ọkọ̀ yẹn kan náà jáde. Ẹni tó bá bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Japan kó tó lọ wọkọ̀ ní Yokohama kò sí lára àwọn yẹn. Àlejò bíi ti gbogbo àlejò ni. Ẹ̀yin àti ọkọ yín kò ní ìṣòro, páàsípọ́ọ̀tù yín kò nílò físà fún ìbẹ̀wò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ. Ti Màmá nílò rẹ̀, Busan sì tún wà níbẹ̀ tó fẹ́ dá kún un. Ọkọ̀ yín kò ṣàdédé yà sí Busan o. Òfin Japan kò gbà kí ọkọ̀ tó ń ta àsíá ilẹ̀ mìíràn kó èrò láti èbúté Japan kan dé òmíràn láìkan ilẹ̀ òkèèrè lọ́nà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ irú ìrìn-àjò yìí fi máa ń fẹsẹ̀ kan Kòríà. Bí ọkọ̀ bá ti forí lé Busan, Màmá ti jáde ní Japan nìyẹn. Físà tí a fi ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tán níbẹ̀, Nagasaki ni wọ́n sì ti máa tún wọlé. Físà tó gba wíwọlé lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ béèrè fún ní ilé iṣẹ́ aṣojú Japan ní London, kí ẹ sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀, kí ẹ sì fi ìwé tó to àwọn èbúté ọkọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀, kí ẹ bi wọ́n ohun tí Japan àti Kòríà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Kí wọ́n fi ìwé dá yín lóhùn. "Kò séwu" tí ẹnì kan sọ lórí fóònù kò wúlò níwájú òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò ní èbúté.

Ó kan ọ̀rọ̀ àkókò. Aago mẹ́jọ sí márùn-ún, wákàtí mẹ́sàn-án ni lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí mẹ́sàn-án lò. Nítorí pé Busan lẹ ti ń bọ̀, gbogbo èrò ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ àwọn imigíréṣọ̀n ní Nagasaki, wọ́n á tẹ ìka, wọ́n á ya fọ́tò. Ọkọ̀ tó kó ẹgbẹ̀rún méjì sí mẹ́ta èèyàn kì í tú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe èèyàn ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kẹ́yìn lè dúró fún wákàtí kan sí méjì. Ẹ kà á sí pé aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lẹ tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Aago márùn-ún ni ọkọ̀ ń ṣí, kì í ṣe ìgbà yẹn ni wọ́n ń retí yín. Àkókò tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ọkọ̀ sábà máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú ìyẹn, ó sì máa ń wà nínú ìwé tí wọ́n ń fi sí yàrá yín lálẹ́ àná rẹ̀. Ẹ tún yọ wákàtí kan fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín kò ju wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ lọ. Òun ni kí ẹ fi ṣètò.

Pẹ̀lú wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀, kí ọkọ yín dárí jì mí, Fukuoka ti jáde nínú ọ̀rọ̀. Lóòótọ́ ni ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ti dé Nagasaki láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àmọ́ kò tíì dé Fukuoka tààrà: Takeo-Onsen ló dúró sí, ẹ ó pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó dé Hakata, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Fukuoka. Èyí tó yá jù ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ní àlọ nìkan. Bí ẹ bá ro àtilọ àti àtibọ̀ pọ̀ mọ́ ìrìn láti èbúté dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ilé ìtajà tó wà nínú ibùdó Hakata lẹ máa rí, ẹ ó sì padà láìrí Nagasaki. Òkè Inasa náà, ẹ fi sílẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ 333 mítà, ó sì lókìkí gan-an, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ìlú lálẹ́ ló sọ ọ́ di olókìkí, ọkọ̀ yín yóò sì ti wà lójú òkun nígbà yẹn. Láti òkè Glover Garden, ọgbà tí àwọn ilé òyìnbó àtijọ́ wà, èbúté kan náà lẹ máa rí lójú ọ̀sán.

Ohun tó ń yọ àwọn èrò ọkọ̀ lẹ́nu jù ní Nagasaki ni pé wọn kò mọ bí ìlú náà ṣe tò. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òkè. Òkun wọ inú rẹ̀ láti gúúsù, ilé sì gun ẹ̀gbẹ́ òkè níhà ọ̀tún àti níhà òsì. Ní gúúsù ni èbúté Matsugae wà níbi tí ọkọ̀ yín máa gúnlẹ̀ sí, Glover Garden àti ṣọ́ọ̀ṣì Oura kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i lọ. Dejima àti ọjà àwọn ará Ṣáínà ní Shinchi wà ní àárín. Ọgbà àlàáfíà àti ilé àkójọ ìtàn bọ́ǹbù wà lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, ní àfonífojì Urakami, bíi kìlómítà márùn-ún sí ọkọ̀. Èrò tó bá sọ̀ kalẹ̀ yóò rí Glover Garden lókè orí rẹ̀, yóò sì gbabẹ̀ lọ torí pé ó sún mọ́ ọn. Nígbà tí yóò fi jáde, ọ̀sán ti pọ́n, àríwá ṣì wà níwájú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì ní balẹ̀ mọ́ títí di ìgbà tí yóò fi padà. Ibi tó jìnnà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bẹ́ ẹ bá ti parí àríwá, gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù ń gbé yín sún mọ́ ọkọ̀, ibikíbi tí àkókò bá sì ti ń tán lẹ lè gé e sí.

Bí ìlú ṣe tò yìí náà ló dáhùn ìbéèrè kan tí àlejò máa ń béèrè: bọ́ǹbù átọ́míìkì jó Nagasaki, báwo ni ilé onípákó tí wọ́n kọ́ ní 1863 ní Glover Garden ṣe wà níbẹ̀ dòní? Ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tó gbé bọ́ǹbù náà ní 9 oṣù kẹjọ ọdún 1945, ìlú Kokura ló ń lọ. Ojú ọ̀run ibẹ̀ kò mọ́, ó bá yí sí Nagasaki, kùrukùru sì bo ìyẹn náà. Nígbà tí wọ́n jù ú sílẹ̀, Urakami ló ti bẹ́ ní aago 11:02 àárọ̀, ní nǹkan bíi 500 mítà sókè ilẹ̀, kì í ṣe lórí àárín ìlú tó wà lẹ́bàá èbúté. Àwọn òkè tó wà láàárín gba púpọ̀ nínú iná àti ìjì rẹ̀. Apá gúúsù bà jẹ́, àmọ́ kò di eérú. Ní Urakami, ohun gbogbo wó lulẹ̀. Ìṣirò ìlú náà ni pé nǹkan bíi 74,000 èèyàn ló kú kí ọdún yẹn tó parí.

Láti èbúté, ẹ rìn dé Oura-Tenshudo, ibùdó tíráàmù, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ojú títì ìlú, bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Tíráàmù nọ́ńbà 5 ni ẹ ó wọ̀, èyí tí wọ́n kọ Hotarujaya sí níwájú. Ẹ sọ̀ ní Shinchi Chinatown, kí ẹ wọ nọ́ńbà 1 tó ń lọ sí Akasako, kí ẹ sì sọ̀ ní Heiwa Koen. Gbogbo rẹ̀ lè gba ogójì ìṣẹ́jú bí ẹ bá ka ìdúró mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé, ti iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni wọ́n ń gbà jáde, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń jáde lẹ sì ń sanwó. Owó náà kò tó 200 yen lẹ́nì kan, ibi yòówù tí ẹ bá sọ̀ sí. Ibi tí àlejò ti ń dá èrò dúró nìyí: àpótí owó kì í fúnni ní ṣéńjì. Ẹ̀rọ mìíràn wà nínú ọkọ̀ tó ń pààrọ̀ owó 1,000 yen sí wẹ́wẹ́, àmọ́ ẹni tó bá mú 10,000 yen jáde ti kó ara rẹ̀ síyọnu, èrò á sì to sẹ́yìn rẹ̀. Káàdì Suica, èyí tí wọ́n ń kó owó sí láti fi san owó ọkọ̀, ló tú yín sílẹ̀ jù. Ẹ rà á nígbà tẹ́ ẹ bá wà ní Tokyo tàbí Yokohama, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú tíráàmù Nagasaki, wọn kì í sì í gba owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ẹni tó bá fi káàdì pààrọ̀ ọkọ̀ ní Shinchi.

Fún Màmá, èmi yóò ní kí ẹ fi takisí lọ, kí ẹ sì fi tíráàmù bọ̀. Àwọn tíráàmù tuntun rẹlẹ̀ dáadáa, ti àtijọ́ sì ní àtẹ̀gùn tí orúnkún kò ní fẹ́, ẹ kò sì lè yan èyí tó máa dé. Ní àárọ̀ tí èrò ọkọ̀ bá tú jáde, ìdúró ni Màmá máa dúró lọ. Takisí gba ẹni mẹ́ta dáadáa, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí fúnra rẹ̀, kí Màmá má fà á. Ẹ fi 平和公園 han awakọ̀, ọgbà àlàáfíà nìyẹn. Ẹ tún fi 松が枝国際ターミナル sórí fóònù yín, ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí nìyẹn, bóyá ẹ ó nílò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ọgbà náà wà lórí òkè kékeré kan, àtẹ̀gùn oníná sì wà tó ń gbé èèyàn gòkè. Ní òpin rẹ̀ ni ère ńlá tí Seibo Kitamura gbẹ́ ní 1955 wà, gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́wàá: ọwọ́ ọ̀tún ń tọ́ka sókè síbi tí bọ́ǹbù ti wá, ọwọ́ òsì nà gbọọrọ fún àlàáfíà. Ìṣẹ́jú ogún tó níbẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ níbi òpó dúdú tó dúró lábẹ́ ojúkò ibi tí bọ́ǹbù ti bẹ́ gan-an. Àjókù ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Urakami wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé àkójọ ìtàn, tó wà lórí ìgòkè kúkúrú. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Bí ẹ bá wọlé, ọ̀nà dídagun kan tó yípo ló ń gbé èèyàn lọ sísàlẹ̀, kò ní àtẹ̀gùn, Màmá lè rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí aago ògiri tó dúró lórí 11:02, ìgò tó yọ́ mọ́ ara wọn, àti rósárì, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àwọn Kátólíìkì ará Urakami. Ẹ fún un ní wákàtí kan ó kéré tán. Àwọn fọ́tò kan wà níbẹ̀ tó le. Bí Màmá kò bá fẹ́ rí wọn, àga wà níta, kò sí ẹni tó máa bi wọ́n léèrè.

Bí ẹ bá ti rí rósárì yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì Oura tó wà lẹ́bàá ọkọ̀ yín yóò yàtọ̀ lójú yín. Ní 1597 ni wọ́n pa Kìrìsìtẹ́nì 26 lórí òkè Nishizaka ní ìlú yìí. Ní 1614 ni ìjọba fòfin de ẹ̀sìn náà káàkiri Japan. Nígbà tí àwọn àlùfáà ilẹ̀ Faransé wá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Oura fún àwọn òyìnbó tó ń gbé èbúté, wọ́n rò pé kò sí Kìrìsìtẹ́nì kankan mọ́ láàárín ọmọ ilẹ̀ náà. Lọ́jọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1865, àwọn àgbẹ̀ kan láti Urakami wọlé, obìnrin kan nínú wọn sì sọ fún àlùfáà Petitjean pé ọkàn kan náà ni tiwọn àti tirẹ̀, ó wá bi í pé ibo ni ère Màríà wà. Ó ti lé ní igba ọdún tí ìdílé wọn ti ń fi ẹ̀sìn náà pa mọ́. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ará Urakami yìí ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sí àfonífojì wọn nígbà tí òfin tú, nǹkan bíi ìdajì kìlómítà sí i sì ni bọ́ǹbù ti bẹ́. Àwọn ìwé tí wọ́n fi ń tọ́ àlejò sọ́nà máa ń pín ìtàn méjèèjì sí ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí kò sì bá mi lára mu rárá.

Ẹ wọ tíráàmù nọ́ńbà 1 padà ní ibùdó Genbaku Shiryokan, ẹ sọ̀ ní Shinchi, kí ẹ jẹun. Champon ni oúnjẹ ìlú náà, núdù nínú omi ẹran funfun pẹ̀lú kábéèjì, edé àti ẹran. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, omi rẹ̀ gan-an sábà máa ń jẹ́ ti egungun ẹlẹ́dẹ̀, nítorí náà yíyọ ẹran kúrò lójú abọ́ kò sọ ọ́ di ohun tí Mùsùlùmí lè jẹ. Bí ẹ bá ń yẹra fún un, ẹ wá ilé oúnjẹ ẹja. Dejima wà nítòsí ibẹ̀: erékùṣù àfọwọ́dá tí wọ́n parí ní 1636, tí wọ́n sì há àwọn oníṣòwò ará Netherlands mọ́ láti 1641 di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ó dára, ṣùgbọ́n òun ni mo máa gé kúrò bí aago kan bá ti kọjá. Wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ dí òkun tó yí i ká, ẹni tí kò bá lákòókò láti ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yóò kàn rí ilé ìkẹ́rù ni.

Láti Shinchi, ẹ wọ nọ́ńbà 5 tó ń lọ sí Ishibashi, kí ẹ má sọ̀ ní Oura-Tenshudo tí gbogbo èèyàn ń sọ̀ sí. Ẹ jókòó dé Ishibashi tó jẹ́ òpin rẹ̀. Lífítì kan wà nítòsí ibẹ̀ tó ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè ní dídagun, ọ̀fẹ́ ni, ìjọba ìlú ló ṣe é fún àwọn tó ń gbé lókè. Bí ẹ bá sọ̀ nínú rẹ̀, òmíràn wà tó ń lọ sókè tààrà, ẹnu ọ̀nà kejì Glover Garden sì ni ẹ máa bá ara yín. Ẹ ó wà lórí òkè pátápátá láìgun ohunkóhun, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó máa rìn lọ, ẹ ó kọjá nílé Thomas Glover, oníṣòwò ará Scotland, ẹ ó já sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Oura, ọkọ̀ yín yóò sì wà nísàlẹ̀ níwájú yín. Àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Owó ṣọ́ọ̀ṣì náà wọ́n ju ti ọgbà lọ, wọn kì í sì í gbà kí èèyàn ya fọ́tò nínú rẹ̀.

Ṣé kí ẹ wá dá lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, ní Nagasaki. Bó bá ṣe èbúté tó jìnnà sí ìlú ni, tí ẹ ní láti gba ọ̀nà wákàtí méjì, bí èyí tí wọ́n fi ń kó èrò lọ sí Kyoto, ohun tí mo máa sọ yóò yàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìrìn-àjò tí ọkọ̀ ń ṣètò ní tí tiyín kò ní ni pé ọkọ̀ yóò dúró de àwọn tó bá a lọ. Kò ní dúró dè yín. Bí orúnkún Màmá bá burú ju bí ẹ ṣe sọ lọ, tó jẹ́ pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń dà wọ́n láàmú, ẹ san owó ìrìn-àjò tí ọkọ̀ ń ṣètò fún Màmá àti ẹnì kan nínú yín, ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ mú páàsípọ́ọ̀tù gan-an jáde, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀, òfin Japan ni pé kí àlejò máa mú un rìn. Ẹ kìlọ̀ fún Màmá pé kò sí ẹran díndín, sọ́séèjì tàbí èso nínú báàgì, kódà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n mú níbi oúnjẹ àárọ̀ inú ọkọ̀. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò kì í fojú fo ẹran. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí 7, 8 tàbí 9 oṣù kẹwàá, ọdún Kunchi ti ojúbọ Suwa ni ìlú ń ṣe. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn lọ́jọ́ egúngún mọ ohun tí mo ń sọ: wọ́n á dí títì, tíráàmù á pẹ́, takisí á wọ́n. Ijó dírágónì wọn dùn ún wò, àmọ́ ẹ padà sí ọkọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú àkókò tí mo wí tẹ́lẹ̀. Ìjì líle náà ṣì lè jà lóṣù yẹn. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá sọ pé òun kò yà mọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, nítorí náà ẹ má sanwó ohunkóhun sílẹ̀ ní Nagasaki tí wọn kò ní dá padà.

Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọkọ̀ lọ lóòótọ́, nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté sábà máa ń wà nínú ìwé ojoojúmọ́ yẹn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀. Òun ni kí ẹ pè kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Yokohama ni ọkọ̀ yín ń lọ, ọkọ̀ òfuurufú sì wà láti Nagasaki sí Haneda tí kò gbà ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ, ẹ lè dé ṣáájú ọkọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa san án. Oògùn Màmá tí wọ́n máa lò lálẹ́ ọjọ́ náà àti ti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ó wà nínú báàgì ọwọ́, kí ó má wà nínú yàrá ọkọ̀.